Orí Keje: Bí A Ṣe Ń Wa Ọkọ̀ Sọdá Ojú Irin

Ojú irin Èkó kò fara pamọ́ sínú igbó. Láti Ìddó àti Òyìngbò títí dé Àgbàdo, àárín ìgboro ló gbà: ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yábà, ó gba Múṣín, Òṣòdì, Ṣógúnlẹ̀, Ìkẹjà, Agége àti Ìjù. Ẹ̀yìnkùlé ilé onílé ló ń gbà, ẹ̀gbẹ́ ọjà ló ń gbà, ọ̀nà mọ́tò sì ń pàdé rẹ̀ níbi púpọ̀. Ọdún 1896 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ irin àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀, ọdún 1901 ni wọ́n sì ṣí i láti Èkó dé Ìbàdàn. Nígbà tó yá, ọkọ̀ wá ṣọ̀wọ́n lórí irin àtijọ́ yìí débi pé àwọn kan ń sá aṣọ sórí rẹ̀, àwọn kan ń pàtẹ tòmátò àti bàtà òkìrìká síbẹ̀, awakọ̀ sì ń sọdá láìwo ọ̀tún, láìwo òsì.

Ìgbà yẹn ti lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ ṣí ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, ìlà méjì, kìlómítà 157, tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ tó lè sá eré tó kìlómítà 150 ní wákàtí kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ Red Line ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láàárín Àgbàdo àti Òyìngbò. Ọkọ̀ ti pọ̀ lórí irin, wọ́n sì ń yára. Ẹni tó bá ṣì ń sọdá bí ó ṣe ń sọdá ní ọdún 2005 ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ àti ti èrò rẹ̀ wewu.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, bọ́ọ̀sì tó ń kó òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ kó sí ọkọ̀ ojú irin lẹ́nu ní PWD, lágbègbè Ṣógúnlẹ̀. Èèyàn tó kú kò dín ní mẹ́fà, àwọn tó fara pa sì pọ̀ gan-an. Kò sí ìkankan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yẹn tó ní agbára láti tẹ bíréèkì. Èrò tó wọ ọkọ̀ yín fi ojú yín ríran, ó sì fi ẹsẹ̀ yín tẹ bíréèkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tó ń wa dáńfó, kórópe, bọ́ọ̀sì ilé-ìwé àti ọkọ̀ òṣìṣẹ́ pé kí ẹ fara balẹ̀ ka orí yìí ju gbogbo orí tó kù lọ.

Àyè òdìkejì lẹ kọ́kọ́ ń wò

Òfin kan wà tí mo fi ṣáájú gbogbo òfin yòókù, àní ṣáájú wíwo ọ̀tún àti òsì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí táyà iwájú kan irin bí ẹ kò bá tíì rí àyè tó máa gba odindi ọkọ̀ yín ní òdìkejì. Ẹni tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, tí kò rí nǹkan kan, lè wọ orí irin kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá a dúró síbẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tó wò ti dé.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí ní nǹkan bí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ ti tò lọ bẹẹrẹbẹ. Ti iwájú yín sún díẹ̀, ó gun orí irin, ó sọdá, ó dúró, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà sí irin tó kẹ́yìn. Gbogbo àyè tó ṣí sílẹ̀ láàárín ìdí rẹ̀ àti imú ọkọ̀ yín, orí irin ni. Ẹni tó wà lẹ́yìn yín ń fọn hóònù. Ọlọ́kadà ti gba ẹ̀gbẹ́ yín bọ́ síwájú. Kọ́ńdọ́ yín ní, “Ọ̀gá, ẹ wọlé jàre, wọ́n máa gba iwájú yín o!” Ibẹ̀ gan-an ni kí ẹ ti fẹsẹ̀ lé bíréèkì, kí ẹ má sì ṣí i. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gba iwájú yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín bó bá wù wọ́n. Nígbà tí ọkọ̀ iwájú bá tó sún, tí ẹ fojú ara yín rí àyè náà, ẹ lè lọ.

Ẹ mọ gígùn ohun tí ẹ ń wà. Àyè tó gba Corolla kò gba bọ́ọ̀sì ńlá, èyí tó gba bọ́ọ̀sì ńlá kò sì gba tírélà, nítorí tírélà pẹ̀lú orí rẹ̀ lè gùn tó mítà 16 sí 18. Mo ti rí tírélà tí orí rẹ̀ sọdá wọ́ọ́rọ́wọ́, tí ìdí rẹ̀ wà lórí irin, tí awakọ̀ sì ń tàkúrọ̀sọ pẹ̀lú ẹni tó jókòó tì í, bí ẹni pé kò sí ewu. Kò mọ̀ pé òun ò tíì sọdá.

Níbi tí ẹ bá ti fẹ́ dúró, ẹ dúró sẹ́yìn ilà tí wọ́n fà sójú títì. Bí ilà bá ti pa rẹ́, ẹ fi àyè tó tó gígùn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan sílẹ̀ láàárín yín àti irin tó sún mọ́ yín jù. Ara ọkọ̀ ojú irin fẹ̀ ju irin tó ń gùn lọ. Ó ń yọ síta ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, èyí tó yọ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà kan. Awakọ̀ tó ní òun kò sáà dúró lórí irin, tí imú ọkọ̀ rẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì sí i, ti dúró sọ́nà ọkọ̀ ojú irin.

Ìdí tí ọkọ̀ ojú irin kò fi lè dúró dè yín

Táyà rọ́bà máa ń di ọ̀dà mú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin, irin ni, orí irin ló sì ń yí lé. Wọn kì í di ara wọn mú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kan lè wọ́ kóòṣì rẹpẹtẹ nìyẹn, òun náà ló sì sọ dídúró di iṣẹ́ ńlá. Ọkọ̀ ojú irin tó wúwo, tó ń sá kìlómítà 100 ní wákàtí, lè lo kìlómítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dúró, bí ẹni tó ń wà á bá tiẹ̀ ti fa bíréèkì dé òpin. Kò lè yà fún yín. Bó bá fi máa rí yín lórí irin, fèrè nìkan ló lè fọn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bó bá ń sá 90 ní wákàtí, mítà 25 ló ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí i ní mítà 500, ogún ìṣẹ́jú àáyá péré ló kù kó dé ọ̀dọ̀ yín. Dáńfó tó kún, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbéra láti ojú kan, lè lo mẹ́jọ sí mẹ́wàá nínú ogún yẹn kó tó sọdá gbogbo irin. Tírélà lè lo gbogbo rẹ̀ tán kó má tíì sọdá.

Ojú pẹ̀lú máa ń tanni. Ohun ńlá tó ń bọ̀ lókèèrè máa ń dà bí ẹni pé kò yára, pàápàá tó bá dojú kọ wá gan-an: a ò rí i kó yẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì, ṣe ló kàn ń tóbi díẹ̀díẹ̀, àfi lójijì tó bá di pé ó ti kún ojú ọ̀run. Nítorí náà, ẹ má fi ojú díwọ̀n eré rẹ̀. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ dúró.

Àmì, géètì, àti ẹni tó ń ṣọ́ géètì

Àmì onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa ló máa ń sọ fún awakọ̀ pé ojú irin wà níwájú. Bí àwòrán ọgbà bá wà nínú rẹ̀, ojú irin náà ní géètì. Bó bá jẹ́ àwòrán ọkọ̀ ojú irin, kò sí géètì níbẹ̀, ojú yín ni géètì yín. Lẹ́bàá irin gan-an, ẹ tún lè rí pátákó méjì tí wọ́n kàn pọ̀ bíi lẹ́tà X. Níbòmíràn, àmì ti ṣubú tàbí kí pósítà ti bò ó, nítorí náà kí ẹni tó ń gba ọ̀nà kan lójoojúmọ́ mọ ibi tí irin wà lórí. Láti ibi àmì yìí ni kí ẹ ti dín eré kù, kí ẹ má sì ya ẹnikẹ́ni sílẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi sọdá. Ẹ pa rédíò. Ẹ yọ ohun tí ẹ fi ń gbọ́ orin kúrò létí. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ amúlétutù, ẹ sọ gíláàsì kalẹ̀ díẹ̀ kí etí yín lè gbọ́ fèrè.

Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí díẹ̀. Wọ́n máa ń fi tó o létí pé ọkọ̀ ti kúrò ní ibùdókọ̀ tó ṣáájú. Á fa géètì dí ojú títì, á sì jáde pẹ̀lú àsíá pupa lọ́sàn-án, tàbí iná pupa lálẹ́. Òun nìkan ló mọ ohun tó ń bọ̀ láàárín gbogbo wa tó dúró síbẹ̀. Síbẹ̀, ẹ ó rí awakọ̀ tó ń bú u pé ó ti ojú ọ̀nà kánjú jù, ẹ ó rí ọlọ́kadà tó ń tẹrí ba gba abẹ́ igi géètì, ẹ ó rí ọlọ́kèké tó ń ti imú kèké bọ àlàfo tó kù kí géètì tó pàdé. Bí ẹnì kan bá ti bọ́ síbẹ̀, mẹ́wàá á tẹ̀ lé e, géètì kò sì ní lè dí mọ́. Ìwà yìí burú, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Bí àsíá pupa bá ti gbéra, ọ̀nà ti dí nìyẹn, ìbáà jẹ́ pé ẹ ò rí nǹkan kan, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan.

Bí géètì bá wá ṣí sílẹ̀, ẹ ṣì máa wò. Èèyàn ló ń ṣí i, èèyàn ló ń tì í, èèyàn sì lè pẹ́ dé ìdí iṣẹ́. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ wo ọ̀tún, ẹ wo òsì, ẹ tún wo ọ̀tún, kí ẹ wò ó jìnnà dé ibi tí irin ti yà tàbí tí ó ti pòórá, kó má jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yín nìkan lẹ yẹ̀ wò.

Bó bá ṣẹlẹ̀ pé géètì padé nígbà tí ẹ ti wà lórí irin, ẹ má dúró, ẹ má sì fẹ̀yìn rìn. Ẹ máa lọ síwájú. Bí igi géètì òdìkejì bá dí yín lọ́nà, ẹ fi imú ọkọ̀ tì í títí ó fi ṣí tàbí títí ó fi kán. Igi ni, wọ́n á ṣe òmíràn.

Ọkọ̀ kejì

Ibi púpọ̀ l'Ékòó, ìlà irin tí ẹ máa sọdá ju ẹyọ kan lọ. Irin àtijọ́, tó fẹ̀ ní mílímítà 1,067, àti tuntun, tó fẹ̀ ní mílímítà 1,435, jọ ń sáré lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni. Ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn lè máa kọjá nígbà tí ti Red Line ń lọ sí Àgbàdo. Ẹni tó bá gbéra gẹ́rẹ́ tí ìdí ọkọ̀ àkọ́kọ́ kọjá kò lè rí èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ariwo èyí tó lọ sì ti bo ti èyí tó ń bọ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ ní sùúrù títí ọkọ̀ àkọ́kọ́ á fi jìnnà tó pé kò dí ìlà kejì lójú yín mọ́, kí ẹ wá wo ọ̀tún àti òsì bí ẹni pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Ẹ má sọ pé ìlà yìí ni ti lílọ, tọ̀hún ni ti bíbọ̀. Ọkọ̀ lè gba ìlà èyíkéyìí láti apá èyíkéyìí.

Lórí irin gan-an

Ẹni tó ń wa ọkọ̀ onígíà, kó ti fi sí gíà tó máa gbé e sọdá kó tó dé orí irin, kó má pààrọ̀ rẹ̀ lórí irin, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò dára ti máa ń kú. Ẹ má gbé èrò níbẹ̀, ẹ má sọ ẹnikẹ́ni kalẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn ibùdókọ̀ kan wà tí orúkọ wọn gan-an ń jẹ́ Rélùwéè. Ẹ sọdá tán kí kọ́ńdọ́ tó pe èrò.

Ọ̀kadà àti kèké ní ewu tiwọn. Àlàfo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tí etí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ojú irin ń gbà, táyà tín-ín-rín sì lè há síbẹ̀ bí ẹ bá fi ẹ̀gbẹ́ gbà á. Ẹ dojú táyà kọ irin gbọọrọ, kó dá irin náà ní ìbú. Lásìkò òjò, irin máa ń yọ̀ bíi ọṣẹ. Ẹ má tẹ bíréèkì lórí rẹ̀, ẹ má yíwọ́ lórí rẹ̀. Ẹni tó gbé ọmọ sẹ́yìn lórí ọ̀kadà, tí ibẹ̀ sì rí gbágungbàgun, kó sọ ọmọ náà kalẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ sọdá.

Fún tírélà tí inú rẹ̀ lọ sílẹ̀, ibi tí irin bá ga ju ọ̀nà lọ ni kí ẹ bẹ̀rù. Inú ọkọ̀ lè jókòó sórí irin kí táyà máa yí lófìfo. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì, kí ọmọ ọkọ̀ bọ́ sílẹ̀ lọ wò ó kí ẹ tó gùn ún. Bí kò bá ní lè gbà, ẹ wá ọ̀nà mìíràn. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ́ afárá gba orí irin kọjá ní Ìkẹjà, Múṣín, Yábà àti Òyìngbò. Ẹ gbà wọ́n, bó bá tiẹ̀ máa jìn díẹ̀ sí ibi tí ẹ ń lọ.

Níbi tí kò sí géètì, irú èyí tí ẹ lè bá lórí irin àtijọ́ tó gba Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkìrun àti Ọ̀fà lọ sókè, ẹ dúró pátápátá, kódà bí ẹ kò bá tíì pàdé ọkọ̀ níbẹ̀ rí. Koríko lè ga, ọyẹ́ lè bo ojú ọ̀run láàárọ̀, irin sì lè yà lẹ́yìn ilé kan. Kí ẹnì kan bọ́ sílẹ̀, kó rìn síwájú dé ibi tó ti lè rí irin ní apá méjèèjì láìfara kan án, kó sì fi ọwọ́ pè yín. Bí ẹ bá dá nìkan wà, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa.

Bí ọkọ̀ bá kú sórí irin

Èèyàn ló kọ́kọ́ ń kúrò, ọkọ̀ ló ń tẹ̀ lé e. Ẹ ṣí gbogbo ilẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ fa àwọn ọmọdé jáde, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni padà torí báàgì tàbí fóònù. Nínú dáńfó, àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ló ń pẹ́ jáde jù. Kí kọ́ńdọ́ ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké sí wọn.

Bí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ kúrò lórí irin kíákíá, kí ẹ sì sá lọ síhà ibi tó ti ń bọ̀, kí ẹ máa yà kúrò lẹ́bàá irin bí ẹ ṣe ń sá. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, nítorí ẹsẹ̀ ẹni tí ẹ̀rù ń bà á fẹ́ gbé e sá lọ níwájú ohun tó ń lé e ni. Àmọ́ bí ọkọ̀ ojú irin bá kọ lu mọ́tò, iwájú rẹ̀ ló ń jù ú sí, pẹ̀lú gíláàsì, irin àti ẹrù inú rẹ̀. Ibi tí àwọn tó sá síwájú rẹ̀ dúró sí gan-an ni gbogbo rẹ̀ máa bọ́ sí.

Bí kò bá sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, tí gbogbo èrò sì ti jìnnà, ẹ lè gbìyànjú láti gbé mọ́tò kúrò. Kí ẹnì kan dúró ní ọ̀tún, ẹnì kan ní òsì, kí wọ́n máa ṣọ́ irin, kí wọ́n sì pariwo bí wọ́n bá rí nǹkan kan. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti gíà àfọwọ́yí, pàápàá èyí tó ti pẹ́ lọ́jọ́, ẹ fi sí gíà kìíní, ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá ṣíná: agbára tí bátìrì fi ń yí ẹ́ńjìnnì lè wọ́ ọ síwájú díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kúrò lórí irin. Àwọn ọkọ̀ tuntun kan kì í gbà bí ẹ kò bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí gíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀, ẹ fi sí N, ẹ tú hándíbíréèkì, kí ẹ pe àwọn ọkùnrin tó wà nítòsí kí wọ́n bá yín tì í. Ẹ tan bọ́tìnì ọkọ̀ kí gíà tó lè kúrò ní P.

Ní gbogbo àsìkò yìí, kí ẹnì kan ti sáré lọ bá ẹni tó ń ṣọ́ géètì, nítorí òun ló ní ọ̀nà láti ké sí ibùdókọ̀ kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ rán ẹni méjì jáde, ọ̀kan sí apá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ irin, kí wọ́n má gba àárín rẹ̀, kí wọ́n sì jìnnà tó kìlómítà kan bí wọ́n bá lè rìn ín tó. Aṣọ pupa ló dára jù láti jù lókè. Bí kò bá sí, ohunkóhun tí wọ́n bá ń jù fìrìfìrì pẹ̀lú agbára, tàbí iná tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń jù síwá sẹ́yìn lálẹ́, á sọ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ ojú irin pé ewu wà níwájú.

Ẹ pe 112 tàbí 767 bó bá jẹ́ l'Ékòó, tàbí 122 ti Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó níbikíbi ní Nàìjíríà. Ẹ kọ́kọ́ sọ pé ọkọ̀ kú sórí ojú irin, kí ẹ tó sọ orúkọ ibi tí ẹ wà àti ibùdókọ̀ tó sún mọ́ yín jù, bóyá irin àtijọ́ ni tàbí tuntun, bóyá èèyàn ṣì wà nínú ọkọ̀, àti bóyá epo bẹntiróòlù tàbí gáàsì ló gbé. Ẹ má pa fóònù títí ẹni tó gbé e á fi tún gbogbo rẹ̀ kà fún yín.